Ṣé àwọ̀ ni kí n yí padà ni, àbí télọ̀?

Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń gbé ní Súrùlérè, tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì ní Marina, ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú fọ́tò méjì. Ó kọ ọ́ báyìí: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ọmọ ọdún 36 ni mí, mo dúdú dáadáa, mo sì fẹ̀ láyà àti léjìká. Mo rán súùtù dúdú kan, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti táì pupa sí i, torí ohun tí mo máa ń rí lára àwọn ọ̀gá nìyẹn. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ dé ibi iṣẹ́, ẹni mẹ́ta ló bi mí pé òkú ta ni mo fẹ́ lọ sin. Ìyàwó mi ní mo dà bí àwọn bouncer tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà àríyá. Ẹ̀gbọ́n mi ní ẹni tó bá dúdú kì í wọ aṣọ tó ṣókùnkùn, kí n lọ máa wọ àwọ̀ tó ń tàn. Ọ̀rẹ́ mi tó ti òkè òkun dé ní rárá, kóòtù rírọ̀ tí kò ní nǹkan nínú ni kí n lọ rán. Ṣé àwọ̀ ni kí n yí padà ni, àbí télọ̀?"

Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè, ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn dùn yín jù. Àwọn tó béèrè òkú lọ́wọ́ yín kò bú yín, ìyàwó yín náà kò purọ́. Ojú wọn rí nǹkan kan lára aṣọ yẹn, wọn ò kàn mọ ohun tí wọn ì bá pè é ni. Ó ti lé ní 30 ọdún tí mo ti ń rán kóòtù, ohun tí èmi rí nínú fọ́tò yín ni pé nǹkan méjì ló pàdé lára aṣọ kan ṣoṣo. Èkínní ni bí àwọ̀ ṣe ń ta ko àwọ̀: dúdú kirikiri, funfun báláú, pupa fòò, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí àyà kan. Èkejì ni bí kóòtù náà ṣe gan: èjìká rẹ̀ dúró bíi pákó, àyà rẹ̀ kò tẹ̀, etí rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́ pa. Kò sí èyí tó burú nínú méjèèjì láàyè ara rẹ̀. Ẹ wo àwọn lọ́yà tó ń jáde nílé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Ìkòyí. Dúdú àti funfun tiwọn takora ju tiyín lọ, ṣùgbọ́n gáùn tí wọ́n gbé lé e ń fẹ́ lẹ́lẹ́, ó ń tẹ̀ lé ìrìn wọn, kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n bóyá ìsìnkú ni wọ́n ń lọ. Ẹ wo sójà tó wọ káàkí tí wọ́n ti fi sítáàṣì lọ̀. Aṣọ náà gan débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá dúró, ṣùgbọ́n àwọ̀ kan náà ló wà láti ọrùn dé kókósẹ̀, kò síbi tí ojú ti ń kọsẹ̀. Ẹ̀yin gba ìtakora lọ́wọ́ lọ́yà, ẹ gba gígan lọ́wọ́ sójà, ẹ wá kó méjèèjì wọ̀ lọ́jọ́ kan náà, lára ẹni tó ti ní igẹ̀ àti èjìká tẹ́lẹ̀. Ọ̀kan nínú méjèèjì ló yẹ kó rọ̀. Èwo ni? Ìyẹn ló gba àlàyé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín kúrò nílẹ̀. Pé ẹni tó dúdú kì í wọ aṣọ tó ṣókùnkùn, ilé wa níbí gan-an ni ọ̀rọ̀ yẹn ti já. Ṣebí ẹ mọ ẹtù? Aró ni wọ́n ń rẹ òwú rẹ̀ sí léraléra títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di dúdú, kí wọ́n tó fi fọ́nrán tín-ín-rín tó mọ́ díẹ̀ là á. Àwọn tó dúdú jù yín lọ ló fi jẹ oyè, tó fi gbé ìyàwó. Bàbá mi ní ọ̀kan. Tó bá ń bọ̀ lókèèrè, aṣọ dúdú kan ṣoṣo lẹ ó rí. Tó bá wá sún mọ́ yín, àwọn ìlà náà á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀. Ìtakora wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó kéré, ó sì fọ́n ká gbogbo aṣọ, kò kó jọ sójú kan. Sányán tí àwọn àgbà ń pè ní baba aṣọ náà rí bẹ́ẹ̀: láti ara òwú tí kòkòrò inú igbó ń ran ni wọ́n ti ń rí i, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí ilẹ̀ tí oòrùn ti gbẹ. Ohun tó ń ba aṣọ dúdú jẹ́ lára ẹni dúdú ni kí aṣọ náà máa dán. Awọ adúmáadán ń dán fúnra rẹ̀. Tí kóòtù bá tún ń dán bíi bébà ike, dídán méjì á máa bára wọn dù ú, ojú ẹni á sì rẹlẹ̀. Aṣọ tí kò dán, bó ti wù kó ṣókùnkùn tó, ojú ni yóò fi dídán sílẹ̀ fún. Ní ti àwọ̀ tó ń tàn tí wọ́n ní kí ẹ máa wọ̀, ìtakora ni yóò tún lé sí i. Ọ̀nà báńkì kọ́ nìyẹn, kì í sì í ṣe ìwòsàn ohun tó ń ṣe yín.

Ìmọ̀ràn kan tún wà tó gbòde láàárín àwọn tó ń kọ̀wé nípa aṣọ ọkùnrin lókè òkun, ó sì ṣeé ṣe kí ẹ ti bá a pàdé. Wọ́n ní kí èèyàn wo bí irun orí rẹ̀ ṣe yàtọ̀ sí awọ ojú rẹ̀ tó, kó sì jẹ́ kí kóòtù àti ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ yàtọ̀ síra tó bẹ́ẹ̀. Òyìnbó tí irun rẹ̀ dúdú lè wọ dúdú àti funfun. Èyí tí irun rẹ̀ dà bí àgbàdo gbígbẹ, kí ó wọ àwọ̀ tó súnmọ́ra. Òótọ́ wà níbẹ̀ fún àwọn tí wọ́n kọ ọ́ fún. Tí a bá gbé e lé orí yín bó ti wà, irun yín dúdú, ojú yín dúdú, á jẹ́ pé kí ẹ má fọwọ́ kan funfun mọ́ láyé yín. Ṣùgbọ́n ẹ lọ dúró lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí gbogbogbòò lórí Nnamdi Azikiwe lọ́jọ́ Jímọ̀, kẹ́ ẹ wo àwọn bàbá tó dúdú bí kóró iṣin nínú agbádá gíní funfun. Ó yẹ wọ́n kọjá ohun tí mo lè fẹnu sọ. Kí ló wá fà á tí funfun fi yẹ wọ́n níbẹ̀, tí kò yẹ yín nínú súùtù? Nínú agbádá, gbogbo ara ló funfun. Ojú nìkan ló dúdú, ibẹ̀ ni ojú ẹni tó ń wò wọ́n sì ń gbà lọ tààrà. Nínú súùtù, funfun náà kéré, ó rí ṣóńṣó, ó há sáàárín dúdú kóòtù, táì pupa sì tún là á láàárín. Ojú ẹni tó ń wò yín á dúró lórí àyà yín, kò ní gòkè dé ojú yín. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú fọ́tò yín kejì náà nìyẹn. Kámẹ́rà fóònù rí funfun tó mọ́lẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n yín, ó dín ìmọ́lẹ̀ kù kí funfun náà má baà jó, ojú yín ló wá sanwó rẹ̀. Lọ́jọ́ iwájú, tí irùngbọ̀n yín bá bẹ̀rẹ̀ sí í hu ewú, funfun ti wà lójú yín nìyẹn, ṣẹ́ẹ̀tì funfun á sì rí ẹni bá sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ gígan ló kù, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí, torí ojú lásán kò lè rí ohun tó fà á. Láàárín aṣọ òde àti láínìnì, nǹkan kan wà níwájú kóòtù tó ń jẹ́ kó dúró. Kánfáàsì ló yẹ kó jẹ́: aṣọ tí wọ́n hun pọ̀ mọ́ irun ẹṣin, tí télọ̀ á fi ọwọ́ gán mọ́ aṣọ òde pẹ̀lú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ojú abẹ́rẹ́ kéékèèké. Torí pé òwú ló so wọ́n, wọ́n lè yẹ̀ lórí ara wọn díẹ̀. Bí ẹ ṣe ń mí, bí ẹ ṣe ń tẹ̀, ó ń bá yín tẹ̀. Ohun tó pọ̀ nígboro ni gum stay, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ní gọ́ọ̀mù, tí a ń fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lẹ̀ mọ́ aṣọ. Kì í gba àkókò, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tó wà nínú tiyín, ẹ lọ síbi iwájú kóòtù lábẹ́ ihò bọ́tìnnì tó kẹ́yìn. Ẹ fi ìka méjì di aṣọ òde mú, ẹ fi ìka ọwọ́ kejì di ti inú mú, kẹ́ ẹ rọra fà wọ́n kúrò lára ara wọn, kẹ́ ẹ máa yí wọn. Tí nǹkan kẹta kan bá ń yẹ̀ lọ yẹ̀ bọ̀ láàárín, kánfáàsì ni. Tí aṣọ òde bá nípọn bíi páálí, tí ẹ ò bá nǹkan kan láàárín, gọ́ọ̀mù ni. Èmi náà ń lo gum stay, mi ò ní tàn yín, èyí tó fẹ́lẹ́ tó sì rọ̀ wà lọ́jà, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Èyí tó le, tí wọ́n tún lẹ̀ ní ìlọ́po méjì, lọ̀tá. Tí gọ́ọ̀mù rẹ̀ kò bá sì dáa, lẹ́yìn tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì sí mẹ́ta, àyà kóòtù á máa wú lébélébé bí awọ tí iná jó.

Kì í ṣe ìwà ìkà ló ń mú kí àwa télọ̀ máa kó nǹkan tó le sínú kóòtù. Púpọ̀ nínú wa l'Ékòó, inú kóòtù òkìrìkà la ti kọ́ iṣẹ́ náà. Ọ̀gá mi ní Ọbáléndé á ra kóòtù àlòkù, á tú u palẹ̀ níṣojú wa, á ní ká wo bí wọ́n ṣe kó o jọ. Àwọn kóòtù tí a bá lọ́jà nígbà náà, ti ọdún 1980 sí 1990, pádì èjìká wọn nípọn bí ìrọ̀rí, ohun tí ọwọ́ wa mọ̀ nìyẹn. Oníbàárà náà tún dá kún un: ẹ fún un ní kóòtù tó tẹ̀ lọ́wọ́, á ní kò dúró. Mo rán irú rẹ̀ fún ọkọ ìyàwó kan nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, dúdú ni, pádì méjì-méjì lórí èjìká kọ̀ọ̀kan, gum stay láti òkè dé ilẹ̀. Lórí ìdúró, ó dára bí àwòrán. Wọ́n wá ní kí ọkọ ìyàwó jó wọlé, ó gbé apá sókè láti ná owó mọ́ ìyàwó rẹ̀ lórí, gbogbo kóòtù náà sì bá apá lọ sókè lódindi, èjìká rẹ̀ dé etí, kọ́là rẹ̀ fi ọrùn sílẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì fà yọ nínú ṣòkòtò. Títí àríyá fi parí ni ọmọ ọlọ́mọ ń fi ọwọ́ fa kóòtù rẹ̀ wálẹ̀. Mo wà níbẹ̀, mo rí i, kò sì tíì kúrò lọ́kàn mi dòní. Mo kọ́kọ́ dá pádì lẹ́bi. Ìgbà tí mo tú òmíràn tí mo fi pátánì kan náà gé ni mo tó mọ̀ pé ihò apá ni mo gé wálẹ̀ jù. Bùbá lè ṣe láìní ihò apá tó gé rẹ́gí, torí aṣọ pọ̀ lábẹ́ abíyá rẹ̀. Kóòtù kò ní aṣọ tó pọ̀ níbẹ̀, nítorí náà ihò apá rẹ̀ gbọ́dọ̀ ga, kó súnmọ́ abíyá, kí apá lè lọ sókè kí ara kóòtù sì jókòó síbi tó wà. Gígan inú rẹ̀ ló wá sọ àṣìṣe kékeré yẹn di ńlá, torí kóòtù tó bá rọ̀, ibi tí wọ́n ti fà á nìkan ni yóò ká. Èyí tó gan, lódindi ló ń dìde.

Ìdí nìyí tí mo fi ní ọ̀rẹ́ yín tó ti òkè òkun dé kò ṣìnà, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ tán. Kóòtù rírọ̀ kì í ṣe kóòtù tí wọ́n kó inú rẹ̀ dànù. Ní London, Frederick Scholte, tó ń rán aṣọ fún ọmọ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó padà di Duke of Windsor, ni wọ́n mọ̀ mọ́ kóòtù tó fi ààyè díẹ̀ sílẹ̀ láyà, tí pádì èjìká rẹ̀ kò tó nǹkan. Ní Naples, nílẹ̀ Ítálì, láàárín ọdún 1930 sí 1939, Vincenzo Attolini tó ń gé aṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù Rubinacci yọ pádì àti èyí tó pọ̀ nínú láínìnì kúrò, títí èjìká kóòtù fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bíi ti ṣẹ́ẹ̀tì. Giorgio Armani, ará Ítálì tó dá ilé iṣẹ́ aṣọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1975, ló mú irú ẹ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dé etígbọ̀ọ́ gbogbo ayé. Ẹ̀rọ̀ kò sì ṣàjèjì sí àwa náà, agbádá kò ní pádì rí, èjìká ẹni tó wọ̀ ọ́ ló ń gbé e. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kìlọ̀ fún yín: tí ẹ bá yọ pádì, iṣẹ́ tí pádì ń ṣe kò bá a lọ, gígé aṣọ ló máa jogún rẹ̀. Kóòtù tó le ń bo àṣìṣe télọ̀ mọ́lẹ̀, èyí tó rọ̀ ń tú u síta. Ara oníkóòtù náà ń hàn. Ní tiyín, èjìká fífẹ̀ yín kò nílò pádì rárá, ṣùgbọ́n mo rí i nínú fọ́tò pé ti ọ̀tún rẹlẹ̀ díẹ̀ ju ti òsì lọ, bóyá báàgì kọ̀ǹpútà tí ẹ ń gbé ló fà á. Kí télọ̀ fi pádì kan ṣoṣo tó fẹ́lẹ́ sí apá ọ̀tún, kí èjìká méjèèjì lè bára dọ́gba.

Aṣọ fúnra rẹ̀ náà ní ọ̀rọ̀ í sọ. Èyí tí wọ́n ń pè ní kàṣímíà ní Balógun, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò mọ irun ewúrẹ́ tí orúkọ yẹn ń tọ́ka sí rí, polyester ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ fa fọ́nrán kan yọ, kẹ́ ẹ ṣáná sí i: tó bá yọ́, tó di kókó dúdú tó le, polyester ni, tó bá ń rùn bí irun tó jóná, tó sì fọ́ sí eérú lọ́wọ́ yín, irun àgùntàn ni. Polyester kì í jẹ́ kí ooru jáde, kì í gbọ́ràn sí áyọ́ọ̀nù lẹ́nu, ó sì máa ń dán. Kò sí bí télọ̀ ṣe lè mọ̀ ọ́n ṣe tó tí yóò rọ̀ lára yín bó ṣe yẹ. Èyí tó dára fún Èkó ni irun àgùntàn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí atẹ́gùn ń gba inú rẹ̀ kọjá, tí mítà kan rẹ̀ wúwo tó bíi 250 sí 280 gíráàmù. Owó rẹ̀ ga, mo mọ̀.

Kí ni kẹ́ ẹ wá ṣe? Iṣẹ́ yín ń fẹ́ súùtù tó ṣókùnkùn àti ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́, kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ sá fún ìtakora pátápátá. Gígan ni kò sẹ́ni tó fi dandan lé lórí yín, nítorí náà òun ni mo ní kó lọ. Ṣùgbọ́n àwọ̀ lẹ lè tún ṣe kí ọ̀la tó mọ́. Ẹ fi táì pupa sílẹ̀, ẹ wá èyí tó ní àwọ̀ aró tàbí pupa tó jinlẹ̀ bíi ti àlàárì, tí kò dán. Ẹ wọ ṣẹ́ẹ̀tì búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ tàbí aláwọ̀ wàrà. Ẹ gbé kóòtù yẹn fún télọ̀ kó yọ pádì rẹ̀, kó sì pààrọ̀ bọ́tìnnì tó ń kọ mànà. Tó bá jẹ́ gum stay ló wà nínú rẹ̀, bí mo ṣe rò, kò ṣeé tú, á ba aṣọ jẹ́ ni, nítorí náà kóòtù yẹn á sàn, kò ní rọ̀ tán. Tí owó bá wá yọ, ẹ rán òmíràn tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti aró tàbí ti eérú tó ṣókùnkùn, kánfáàsì láti èjìká dé ìsàlẹ̀ igẹ̀ nìkan. Tí ẹ bá wọ ìyẹn, ẹ lè mú ṣẹ́ẹ̀tì funfun padà, yóò yẹ yín. Tí owó kò bá sí, mi ò fojú kéré òkìrìkà. Ẹ lọ sí Kàtángówà tàbí Yábàá láàárọ̀, ẹ wá kóòtù irun àgùntàn tí èjìká rẹ̀ bá yín mu rẹ́gí. Ìbàdí àti apá ṣeé tún ṣe, pádì ṣeé yọ, ṣùgbọ́n ìwọ̀n èjìká kò ṣeé fọwọ́ kàn láìtú gbogbo rẹ̀.

Mi ò tíì fọwọ́ kan kóòtù yín, iná ọ́fíìsì sì lè yí àwọ̀ padà nínú fọ́tò, nítorí náà ẹ gba ohun tí mo sọ nípa àwọ̀ bí èrò, ẹ gba ti gígan bí ohun tó dá mi lójú. Àwa tó ń fi ọwọ́ gán kánfáàsì l'Ékòó kò pọ̀, ó sì ń gbà mí ju ọ̀sẹ̀ kan lọ fún kóòtù kan. Ẹ bi télọ̀ yín pẹ̀lú ọ̀wọ̀ bóyá ó ti ṣe é rí. Tó bá ní òun ò ṣe é rí, ẹ ní kó lo gum stay tó fẹ́lẹ́ jù lọ, kó sì gé ihò apá sókè. Lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ dán an wò, ẹ di bọ́tìnnì rẹ̀, kẹ́ ẹ gbé ọwọ́ kan sókè bí ẹni di irin mú nínú bọ́ọ̀sì BRT. Kí ẹlòmíràn wo ẹ̀yìn ọrùn yín. Tí kọ́là bá fi ọrùn sílẹ̀, ẹ má tíì san ìyókù owó.